Nígbà tí Pọ́íǹtì Wọ Ìwé Owó Wa ní Àkókó

Nígbà tí mo di akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Òkè-Àgbè, kò sí pọ́íǹtì kankan nínú ìwé owó. Ìlà pupa ló pín ojú ewé sí òpó mẹ́ta: pọ́n-ùn ní apá òsì, ṣílè láàárín, pẹ́nì ní apá ọ̀tún. Pẹ́nì yẹn ni gbogbo ọjà ń pè ní kọ́bọ̀ nígbà náà. Méjìlá rẹ̀ ni ṣílè kan, ogún ṣílè ni pọ́n-ùn kan. Bí ẹnì kan bá ní ṣílè mẹ́ta àti pẹ́nì mẹ́fà, 3/6 ni a ó kọ. Bó bá jẹ́ ṣílè márùn-ún géérégé, 5/- ni. Ìlà kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, òun ló ń dí àyè mọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi nọ́ńbà kún nọ́ńbà lẹ́yìn wa.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ hàn wọ́n. "Bàbá, báwo lẹ ṣe ń ro èyí pọ̀?" Kò le. Òpó pẹ́nì la máa ń kọ́kọ́ rò láti òkè dé ìsàlẹ̀, a ó fi méjìlá pín in, a ó kọ ìyókù sílẹ̀, a ó sì gbé èyí tó pé ṣílè lọ sí òpó àárín. Níbẹ̀, ogún la ó fi pín, kí a tó gbé èyí tó pé pọ́n-ùn lọ sí apá òsì. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti fi pàṣán kọ́ wa. Bí tíṣà bá ti pè é, a ó dáhùn: pẹ́nì méjìdínlógún, ṣílè kan àti sísì (ìyẹn pẹ́nì mẹ́fà); ogún pẹ́nì, ṣílè kan àti pẹ́nì mẹ́jọ. Ẹni tó bá ṣi ọ̀kan mọ ohun tó ń dúró dè é.

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé àwọn bàbá àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé rárá máa ń yá ju èmi tí mo di kálámù mú lọ. Bàbá kan á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n, á ti sọ iye tí kòkó rẹ̀ jẹ́ kí n tó fa ìlà sí ìdí ìṣirò mi. Mo gbà pé ogún ló fà á. Yorùbá fi ogún gbé ìṣirò rẹ̀ dúró: ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin, ọgọ́rùn-ún. Nígbà owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ti fi èyí kọ́ láti kékeré, kí ni ogún ṣílè fẹ́ fi ṣe é? Ẹ̀wá-ẹ̀wá tí wọ́n sọ fún wa pé ó rọrùn ni ó ṣe àjèjì létí wọn.

Ọdún 1972 ni ìyípadà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ tẹ̀lé ara wọn. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún náà ni ọkọ̀ kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún ní gbogbo Nàìjíríà. Awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìkàrẹ́ ń rọra lọ bí ẹni tó gbé ẹyin. A kò tíì bọ́ nínú ìyẹn tí rédíò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kéde owó tuntun. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973, náírà àti kọ́bọ̀ dé. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni a mọ̀ mọ orúkọ náírà, ṣùgbọ́n ó ti kúrò nínú ìjọba Gowon láti 1971. Shehu Shagari ni kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó nígbà tí owó náà jáde. Bébà àádọ́ta kọ́bọ̀ wà, ti náírà kan, ti márùn-ún àti ti mẹ́wàá. Owó onírin bẹ̀rẹ̀ láti ààbọ̀ kọ́bọ̀, ó lọ títí dé kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ghana ti ṣe ìyípadà owó tiwọn ní 1965. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ṣe é ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kejì 1971: wọ́n fi pọ́n-ùn wọn sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n pín in sí ọgọ́rùn-ún. Tiwa yàtọ̀. Ṣílè mẹ́wàá ni ìjọba mú ṣe náírà kan, pọ́n-ùn kan wá di náírà méjì. Ẹni tó ro èyí ro ire, nítorí ṣílè kan bọ́ sí kọ́bọ̀ mẹ́wàá láìṣẹ́kù, sísì bọ́ sí márùn-ún, tọ́rọ́, ìyẹn pẹ́nì mẹ́ta, bọ́ sí méjì ààbọ̀. Ìdí nìyẹn tí owó onírin ààbọ̀ kọ́bọ̀ fi wúlò.

Pẹ́nì ni kò gbà. Pẹ́nì méjìlá ló wà nínú ṣílè, kọ́bọ̀ tuntun mẹ́wàá ló sì wà nínú ṣílè kan náà. Bí o bá pín mẹ́wàá sí ọ̀nà méjìlá, ohun tí yóò wá ni 0.8333, mẹ́ta yóò sì máa tẹ̀lé mẹ́ta títí tí ìwé yóò fi tán lọ́wọ́ rẹ. Ibẹ̀ ni pọ́íǹtì ti wọ ìgbésí ayé èmi akọ̀wé, kò sì jáde mọ́ láti ìgbà náà.

Ọjà ti rí ọ̀nà tirẹ̀ gbé e gbà kí àwa tó jókòó sí ìpàdé. Àkàrà tí wọ́n ń tà ní kọ́bọ̀ kan, ìyẹn pẹ́nì kan, ní Ìkàrẹ́, kọ́bọ̀ kan ni wọ́n ṣì ń tà á lẹ́yìn ọdún tuntun. Kò sẹ́ni tó fi kún owó rẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú ṣílè kan lọ tẹ́lẹ̀ ń gba àkàrà méjìlá. Ẹni tó mú kọ́bọ̀ mẹ́wàá lọ gba mẹ́wàá. Méjì ti lọ sínú ìyípadà. N kò sọ pé àwọn ìyá náà rẹ́ wa jẹ. Orúkọ kan náà ni owó méjèèjì ń jẹ́, ojú kò sì lè rí ìdá tó wà láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni òṣùwọ̀n ṣe yí padà láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn, tí tọ́ọ̀nù àtijọ́ tó jẹ́ kílò 1,016 fi àyè sílẹ̀ fún tọ́ọ̀nù tó jẹ́ kílò 1,000 géérégé. Àgbẹ̀ tó ń gbọ́ tọ́ọ̀nù kò mọ̀ pé kílò mẹ́rìndínlógún ti yàtọ̀.

Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ó di dandan kí a yí àṣẹ́kù gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ padà láti owó àtijọ́ sí ti tuntun, orúkọ kọ̀ọ̀kan, ewé kọ̀ọ̀kan. Ká ní ẹnì kan ní pọ́n-ùn mẹ́rìnlá, ṣílè méje àti pẹ́nì márùn-ún. Pọ́n-ùn rẹ̀ di náírà 28. Ṣílè rẹ̀ di kọ́bọ̀ 70. Pẹ́nì márùn-ún di kọ́bọ̀ 4.1666. Àròpọ̀ jẹ́ ₦28.741666, a ó sì kọ ₦28.74. Èérún tó ṣẹ́kù kò tó nǹkan kan. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Kò dára mọ́ nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ ìwé. Ẹ jẹ́ ká mú èèyàn mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní pẹ́nì méjì-méjì lórí ṣílè rẹ̀. Pẹ́nì méjì jẹ́ kọ́bọ̀ 1.67, a sì gbé e sókè di kọ́bọ̀ méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di kọ́bọ̀ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n nínú ìwé àpapọ̀, pẹ́nì mẹ́fà náà jẹ́ sísì kan, sísì sì jẹ́ kọ́bọ̀ márùn-ún. Níbo ni kọ́bọ̀ kan ti wá? Bó bá jẹ́ pẹ́nì mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ní, òdì-kejì ni: kọ́bọ̀ 3.33 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, a gé e sí mẹ́ta, àwọn mẹ́ta di mẹ́sàn-án, nígbà tí ìwé àpapọ̀ ń sọ pé ṣílè kan ni, ìyẹn kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Kọ́bọ̀ kan ti sọnù láìsí olè nínú ilé.

Ìpàdé tí a ṣe lórí èyí gbóná. Àwọn kan ní kí a gbé gbogbo rẹ̀ sókè kí ọmọ ẹgbẹ́ má bàa pàdánù. Akápò béèrè pé àpò ta ni ìyókù yóò ti jáde. Àwọn kan ní kí a gé gbogbo rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ní owó kékeré nínú ẹgbẹ́ sì fárígá, wọ́n ní kò sí ẹni tí yóò fi ọ̀bẹ kan owó àwọn. Bàbá kan láti Àrìgìdì, tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀, ló tú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí a tẹ̀lé ìlànà kan ṣoṣo fún gbogbo ènìyàn, olówó àti tálákà: èyí tó bá tó ìdajì kí ó gòkè, èyí tí kò bá tó kí ó wálẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a kọ ìyàtọ̀ tó bá yọ sí ìlà kan ní ìsàlẹ̀, kí gbogbo ènìyàn lè rí i. "Ìyàtọ̀ ìpààrọ̀ owó" ni a pe ìlà náà. Nígbà tí ọ̀díítọ̀ dé, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ìka tọ́, ó kà á, ó sì kọjá lọ. Ẹgbẹ́ mìíràn tí kò kọ tirẹ̀ sílẹ̀ lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀ láti máa wá kọ́bọ̀ díẹ̀.

Ẹnu kò tètè gba owó tuntun bí ìwé ṣe gbà á. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá fẹ́ sọ náírà mẹ́wàá á ní pọ́n-ùn márùn-ún. Ní ọjà Ìkàrẹ́ títí di òní, bí o bá gbọ́ tí àgbàlagbà ní àpò kan, igba náírà ló ń wí, nítorí pé ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni àpò láyé àtijọ́. Àpò kan yẹn ni owó tí èèyàn fi ń ronú nǹkan ńlá nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Ní ọdún 2000, báǹkì àpapọ̀ tẹ bébà igba náírà jáde: àpò di bébà kan.

Lẹ́yìn tí wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní owó Údọ́jì, ìyẹn àfikún owó oṣù, ní 1975, iye owó inú ìwé gùn sí i, ẹ̀rọ ìṣirò kéékèèké sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọ́fíìsì. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù pọ́íǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í bà wá. Lórí ẹ̀dà kábọ̀nù, àmì kékeré yẹn máa ń pòórá. ₦150.00 lè di ₦15000 lójú ẹni tó bá ń wá ọ̀nà. A bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì méjì tó gun ara wọn rọ́pò rẹ̀, a ó sì fi k sí ìparí: ₦150:00k. Kò sí ẹni tó kọ́ wa. Ó kàn gbilẹ̀ láti ọ́fíìsì sí ọ́fíìsì ni, ó sì wà lórí rìsíìtì káàkiri Nàìjíríà títí di òní. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmì méjì ṣòro láti pa rẹ́ ju ẹyọ kan lọ, k sì ti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn bí 5/- ti í ṣe.

Kọ́bọ̀ fúnra rẹ̀ rọra kú. N kò lè dárúkọ ọjọ́ tó kú; ọjọ́ kan la kàn rí i pé oníyọ̀ kò fún wa ní ṣéńjì mọ́. Ní oṣù Kejì 2007, báǹkì àpapọ̀ gbìyànjú láti jí i dìde, wọ́n tẹ owó onírin àádọ́ta kọ́bọ̀, náírà kan àti náírà méjì. Ọjà kọ̀ wọ́n. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, Ghana yọ òdo mẹ́rin lára owó wọn. Oṣù Kẹjọ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo, gómìnà báǹkì àpapọ̀ wa nígbà náà, kéde pé àwa náà yóò gbé pọ́íǹtì lọ sí apá òsì lẹ́ẹ̀mejì, kí ọgọ́rùn-ún náírà di náírà kan láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 2008. Inú wa dùn, àwa àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. A ti ń ro bí sísì yóò ṣe tún ra nǹkan. Ààrẹ Yar'Adua dá ètò náà dúró, òdo wa sì wà níbi tó wà.

Ìgbà tí mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ pọ́íǹtì ni kọ̀ǹpútà gbé e padà wá bá mi nílé. Amẹ́ríkà ni irú ìwé òpó àti ìlà inú kọ̀ǹpútà yìí ti bẹ̀rẹ̀: VisiCalc jáde ní 1979, ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn náírà, Excel tẹ̀lé e ní 1985. Ó pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Àkókó. Ní báyìí, ọmọ ọmọ mi obìnrin tó jáde ní yunifásítì Àkùngbá ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò kan ní Ìkàrẹ́, kò sì ní ìwé onílà pupa kankan. Inú ẹ̀rọ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó gbé e wá sí iwájú ilé.

"Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ẹ̀rọ yìí kò mọ ìṣirò."

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Àwọn mẹ́ta ni a pín ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà fún. Ó kọ 1,666.67 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá ní àròpọ̀ jẹ́ 5,000.00. Ìyá kan fi fóònù rẹ̀ rò ó, ó ní 5,000.01 ni. Wọ́n ti ń sọ pé mo fi kọ́bọ̀ kan pamọ́."

Ẹ̀rín pa mí débi pé ìyá rẹ̀ jáde wá wò wá. Pẹ́nì méjì ọdún 1973 rèé, ó ti gba ọkọ̀ òfuurufú dé. Mo ní kó tẹ àpótí kan kó fi nọ́ńbà kún ẹ̀yìn pọ́íǹtì. Ó tẹ̀ ẹ́: 1,666.6667, lẹ́yìn náà 1,666.666667. Ohun tí ẹ̀rọ náà ní nínú kò yí padà rárá. Aṣọ tó wọ̀ fún wa ló yí. Nígbà tí a ní kó fi nọ́ńbà méjì hàn, ó fi méjì hàn, ṣùgbọ́n gbogbo èérún rẹ̀ ló fi ṣe àròpọ̀. Ìyá oníṣòwò yẹn, ẹ̀wẹ̀, ohun tí ojú rẹ̀ rí lórí bébà ló rò. Àwọn méjèèjì kò ṣìṣe.

Ó béèrè pé kí ni kí òun ṣe. Mo ní kó má fi ìrísí tàn wọ́n mọ́. Bó bá jẹ́ owó tí yóò jáde lọ́wọ́ ni, kí ó gé e ní tòótọ́ sí kọ́bọ̀ kó tó ṣe àròpọ̀. Ó mọ àṣẹ rẹ̀: ROUND ni, a ó sì kọ 2 sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, àròpọ̀ sì di 5,000.01, bíi ti ìyá yẹn. Lẹ́yìn náà mo ní kó fi ìlà kan sí ìsàlẹ̀ fún kọ́bọ̀ tó lé. Ó ní kí ni kí òun pe ìlà náà. Mo sọ fún un.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń gbé oríṣiríṣi wá. Àgbàlagbà kan nínú ẹgbẹ́ wọn kọ ìnáwó rẹ̀ bí a ti kọ́ ọ, ₦500:00, ọmọ náà sì tẹ 500:00 bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Excel rò pé aago ni. Ó kọ 500:00:00, ìyẹn wákàtí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Nígbà tó sọ ọ́ di nọ́ńbà lásán, ó di 20.83, nítorí pé ọjọ́ ogún àti díẹ̀ ni wákàtí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta jẹ́. Owó bàbá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ogún náírà. Àmì tí a fi dáàbò bo owó lọ́wọ́ olè orí bébà ti di ọ̀fìn nínú ẹ̀rọ, ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n má fi tẹ nǹkan mọ́. Orí bébà ni kó mọ.

K náà ti yí ẹ̀gbẹ́ padà. Bí èmi bá kọ 5k, kọ́bọ̀ márùn-ún ni, sísì kan. Bí ọmọ ọmọ mi bá kọ 5k sórí fóònù, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ló ń wí. Láàárín ìran méjì, lẹ́tà kan ṣoṣo ti fò lọ ní ìlọ́po ọ̀kẹ́ márùn-ún. Mo ti rí ibi tí wọ́n kọ "50k" sí ìwé ẹ̀jẹ́ owó kíkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn. Ó ti di olóògbé.

Èyí tó ń dun àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jù ni ti òdo iwájú. Nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì jẹ́ ẹyọ mẹ́wàá, púpọ̀ nínú wọn sì fi òdo bẹ̀rẹ̀. Fóònù náà, láti 2001 tí GSM ti dé, òdo ló ń ṣíwájú rẹ̀. Excel kò ka irú òdo bẹ́ẹ̀ sí; lójú rẹ̀, ẹni tó ní 0801 ní 801, òdo iwájú kò fi nǹkan kan kún iye. Òótọ́ ni nínú ìṣirò. Ṣùgbọ́n ta ni ń ro nọ́ńbà fóònù pọ̀? Bó bá sì fi 234 ṣáájú, tí ó gùn jù, ẹ̀rọ á ká a kúrú sí nǹkan bíi 2.34803E+12, ẹni tó bá rí i á rò pé àjẹ́ ti wọ̀ ọ́. Mo sọ fún ọmọ náà pé orúkọ ni irú nọ́ńbà wọ̀nyẹn, wọn kì í ṣe iye. Kí ó yan òpó wọn gẹ́gẹ́ bí Text kó tó tẹ ẹyọ kan síbẹ̀. Bó bá ṣe é lẹ́yìn títẹ̀, òdo tó ti lọ kò ní padà fúnra rẹ̀.

Owó orí VAT náà ní tirẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994, márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni, kò mú pọ́íǹtì dání. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2020 ló ti di 7.5. Ọmọ náà ní àpótí kan tí wọ́n ti ṣètò láti ìgbà VAT márùn-ún, tí kò ní àyè fún pọ́íǹtì. Ó tẹ 7.5%, àpótí fi 8% hàn. Ìṣirò abẹ́ rẹ̀ tọ̀nà o, ṣùgbọ́n oníbàárà tó bá rí 8% lórí rìsíìtì yóò pariwo, ẹjọ́ rẹ̀ yóò sì tọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ń ṣòwò ní Kútọnù. Ní ọ̀dọ̀ wọn níbẹ̀, bíi ti Faransé, kọ́mà ló ń jókòó sí ibi tí àwa ń fi pọ́íǹtì sí. Ní Jámánì, níbi tí àwọn ọmọ wa kan wà, pọ́íǹtì ni wọ́n fi ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀. Ẹni tó bá tẹ 1.250 ní Jámánì ń sọ ẹgbẹ̀rún kan àti igba ó lé àádọ́ta. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣètò bíi ti Nàìjíríà, ọ̀kan àti ìdámẹ́rin ni yóò kà á sí. Láyé àtijọ́, Kútọnù ìbá kọ lẹ́tà sí wa, a ó ka ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ nọ́ńbà: iye owó ní nọ́ńbà, iye owó ní ọ̀rọ̀. Àṣà yẹn ti ń kú, mo sì rò pé àdánù ni. Kò sí ẹni tó lè ṣi "ẹgbẹ̀rún kan" kà.

N kò sọ pé kí a padà sí ìlà pupa. Iṣẹ́ tí èmi fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe ní òpin ọdún, ọmọ yìí ń ṣe é kí iyán tó jinná. Ẹ̀rọ náà kò sì sùn, kò fi yíǹkì da ewé rú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà òpó mẹ́ta, akọ̀wé kò lè dé ìsàlẹ̀ ìwé láìfọwọ́ kan gbogbo èérún. Nísinsìnyí, ẹ̀rọ ń gbé e mì fún wa, a sì ń rí ojú tó mọ́ tónítóní nìkan.

Nítorí náà, ẹ̀yin akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́ gbogbo, láti Òkè-Àgbè títí dé Ọ̀kà, mo bẹ̀ yín: ẹ kọ ọ́ sí orí òpó kọ̀ọ̀kan bóyá náírà ni tàbí ẹgbẹ̀rún náírà. Ẹ jọ fẹnu kò ní ìpàdé lórí bí ẹ ó ṣe gé kọ́bọ̀, kí ó wà nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé kí ẹ tó pín èrè ọdún. Ẹ ya òpó àkáǹtì àti fóònù sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí Text. Kí ẹ sì fi ìlà kan sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ fún ìyàtọ̀, kódà bó bá jẹ́ kọ́bọ̀ kan ló wà níbẹ̀.